Ẹja Ìdána Tí Mo Gbé Lọ sí Ọ̀yọ́

Ẹ má bẹ̀ mí, ọkọ mi, ẹ má tíì bẹ̀ mí rárá! Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà nígbà tí ẹ ń jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n yín láàárọ̀ yìí, gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́. Háà! Àbúrò ọkọ mi lẹ jẹ́, ọkọ ni mo sì ń pè yín láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, n ò la orúkọ mọ́ yín lórí rí. Ṣé ohun tó tọ́ sí mi nìyí?

Ẹ ní ẹ fín oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà tán, ó ṣẹ́ kù, ẹ ò fẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án nílé, lẹ bá lọ dà á sódò, lẹ tún ṣan pọ́ńpù lé e. Ọmọdé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àmọ́ kí gbogbo Ìrẹsà ìlú wa máa bù ú mu! Làákàyè wo nìyẹn?

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù o. Nígbà tí ẹja àrọ̀ léfòó súà, tí akàn àti edé ń kú sétí omi, tí mo ká ìró sókè tí mo ń kó ẹja sínú agbọ̀n, tí mo ń kọrin ọpẹ́ pé Ọlọ́run rántí ìdána Olúwaṣèyí ọmọ mi lásìkò tí Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo ọjà di ọ̀wọ́n, sọ ẹran di àpéwò, òkè odò lẹ dúró sí, ẹ ń wò mí. Ẹ ń wò mí! "Ìyàwó, dà á nù," ṣé ìyẹn pọ̀ jù ni? Ojú ń tì yín, àbí? Lẹ bá jẹ́ kí n lọ gba ìtìjú yín níwájú àna!

Mo yan ẹja yẹn títí ó fi ń dán. N ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tọ́ ọ wò nílé, ti àna ni. Mo gbé e dé ẹ̀yìn ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́, ilé àwọn Comfort, ìyàwó tí Olúwaṣèyí fẹ́ gbé. Wọ́n tiẹ̀ yìn mí o! Ibi tí wọ́n ti ń yìn mí ni ológbò ìyá àgbà ti já ọ̀kan gbé. Kò pẹ́, ó ṣubú láàárín èrò, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu ẹ̀.

Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá fara mọ́ ọn. Ìyá Comfort kàn rọra fi aṣọ bo ẹja, wọ́n dá agbọ̀n padà sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá." Pẹ̀lẹ́! Yéè! Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Wọn ò gba ìdána, wọn ò sì kọ̀ ọ́.

Kí lẹ wí? Ẹ máa ra ẹja mìíràn ní Sábó? Ẹ̀yin rò pé ọ̀rọ̀ ẹja la ń sọ? Láti ọjọ́ náà, ṣé ẹ gbọ́ igbe ọ̀pọ̀lọ́ kan létí odò yẹn? Kòkòrò tó máa ń sáré lórí omi, ṣé ẹ rí ọ̀kan? Omi inú ìkòkò wa yìí ńkọ́, níbo la ti pọn ọ́n?

Bàbá Comfort ló sìn mí jáde. Wọ́n fohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Ìyá, odò tí ẹ ti kó ẹja yìí, ṣé òun náà lọmọ wa máa wá máa mu?" Èmi tí mo ń ki gbogbo yín ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá láràárọ̀, agbọ̀n ẹja ni mo gbé rù, mo kọrí sílé.

Ẹ dìde, ọkọ mi. Ẹ wọ agbádá yín. Ọ̀yọ́ lẹ ń lọ lónìí, ẹ máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ ò sì ní mú ẹja kankan dání. Ìdáhùn ni kẹ́ ẹ gbé lọ fún wọn.