Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Wa Pẹ́ Dé

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Utako lọ sí Kuje, tíṣà kan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó síwájú mi, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kí tíṣà yìí lè sọ̀rọ̀ dáadáa.

"Ṣó o mọ̀ pé àwọn ọmọ tó bá pẹ́ máa ń kúnlẹ̀ ní géètì wa, wọ́n á wá fẹkún wọ kíláàsì? Ọ̀gá wa tuntun náà pẹ́ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n gbé báàgì sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ."

"Ọ̀gá àgbà? Irọ́ ni."

"Èmi gan-an ni mo wà lẹ́nu géètì. N ò mọ ibi tí mo fẹ́ wò. Làwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí: 'Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.'"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọwọ́ di ikùn mú. "Wọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Mo ní kí gbogbo wọn dìde. Látìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò kúnlẹ̀ mọ́. Ohun tó dá ọmọ dúró là ń bi í."

"Àwọn ọmọ ò wá máa pẹ́ sí i báyìí?"

"Wọ́n ti ń dé ṣáájú mi, wọ́n ń ṣọ́ ọ̀gá. Láàárọ̀ yìí, ọmọ kékeré kan di ọwọ́ ọ̀gá mú, ó ní, 'Ẹ káre, Mà. Ẹ tètè dé lónìí.'"