Ẹja Inú Fírísà Ìwádìí

Lọ́jọ́ ìkórè, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ùsì-Èkìtì, Mobọ́lá dìde láàárín ìjọ. Ó ní òótọ́ kan wà lọ́rùn òun tí òun kò lè gbé mọ́, pé lónìí ni òun yóò sọ ọ́. Ìjọ rò pé ẹ̀rí ọpẹ́ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹnì kan tilẹ̀ ti dá orin. Mobọ́lá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọrin fún mi. Ìwà burúkú ni mo hù." Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ó mí kanlẹ̀. Àbí kí ló dé tí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ kò rí ẹni tí yóò gbọ́?

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ti sọ fún Ayọ̀kúnlé, ọkọ rẹ̀, nídìí oúnjẹ. Ọkọ rẹ̀ fi òkèlè sẹ́nu, ó ní, "Purotéènì? Èyí tó wà nínú ẹ̀wà náà lo ń tìtorí ẹ̀ sunkún?"

Ti ẹ̀wà kọ́ ni Mobọ́lá ń sọ. Lọ́dún 2003, òun ni alábòójútó yàrá ìwádìí kékeré kan ní Ìdó-Èkìtì, tí Dókítà Fámúyìwá ń darí. Èròjà purotéènì kan wà nínú ara ènìyàn àti ẹranko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mayositátíìnì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fa iṣan ara sẹ́yìn kí ó má baà tóbi kọjá ààlà, bí ìgbà tí ènìyàn di okùn ewúrẹ́ mú. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ewé kan tí àwọn àgbà fi ń wẹ ọmọ tí kò tètè rìn lè tú okùn náà, kí ẹni tí iṣan rẹ̀ ń joro lè rí ìrànlọ́wọ́. Láti òkè òkun ni wọ́n ti fi èròjà ọ̀hún ránṣẹ́, ìyẹ̀fun bíńtín. Mobọ́lá fúnra rẹ̀ ló fi omi kíkan pò ó, tó pín in sínú àwọn ike tín-ín-tìn-tín, tó kó wọn sí fírísà. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: kó máa wà ní dídì. Bí ó bá yọ́, tó pẹ́ nínú ooru, ènìyàn lè tún un dì, ojú kò ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti lọ.

Mobọ́lá mọ òfin yìí ju orúkọ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nígbà tí fírísà ilé rẹ̀ bàjẹ́, tí ìdúpẹ́ ìyá rẹ̀ sì kù sí dẹ̀dẹ̀, ó kó páálí ẹja kan lọ sínú fírísà ìwádìí lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹja! Ìlẹ̀kùn kò pa dé dáadáa, ó fi ìdí tì í, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ Ajé, omi ti gba ilẹ̀, òórùn ti gba yàrá, gbogbo ohun tó wà nínú àwọn ike náà ti di omi. Ó nulẹ̀. Ó da ẹja nù. Ó ṣí fèrèsé. Ó wá ti ìlẹ̀kùn fírísà, ó sì dúró tì í títí ó fi dì padà. Ta ni yóò mọ̀?

Adéṣọlá mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ Òmù-Èkìtì, òun ló ń fi èròjà náà sí ara iṣan eku nínú àwọn abọ́ pẹlẹbẹ. Abọ́ tí wọ́n fi ewé sí dàgbà, Dókítà sì ti ń fò fáyọ̀. Adéṣọlá ní, "Sà, ẹ dákun, àwọn tí a fi èròjà nìkan sí, láìsí ewé, náà dàgbà. Ó dà bíi pé èròjà yẹn ti kú kí a tó lò ó."

Dókítà yíjú sí Mobọ́lá. "Ṣé fírísà yín ní ìṣòro ni?"

Ibí gan-an ni ó ti yẹ kó sọ̀rọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní, "Rárá o, sà." Ìyẹn ìbá ṣì ṣeé gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, ó tún fi kún un pé, "Bóyá Adéṣọlá ló pa àwọn abọ́ pọ̀. Oorun ló máa ń sùn lẹ́nu iṣẹ́." Ọmọ náà wò ó. Dókítà lé e lọ́jọ́ náà, ó da àwọn abọ́ tó ta kò ó nù, ó sì lọ sórí rédíò lọ kéde ewé.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Mobọ́lá lọ bá Dókítà, ó jẹ́wọ́. Dókítà ní, "Ọ̀rọ̀ ti tutù. Má fi wá ṣẹ̀sín."

Ọ̀rọ̀ kò tutù. Lọ́jọ́ ìkórè yìí, Tíṣà Alice, tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń joro, ló kọ́kọ́ jáde wá dúpẹ́ pé òun ti fi eré ìmárale ọsíbítù sílẹ̀, ewé rédíò ni òun ń mu. Ènìyàn méjì ló gbé e rìn dé iwájú pẹpẹ. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀pá nìkan ló ń tẹ̀. Ìyẹn ló lé Mobọ́lá dìde.

Ó wá pariwo bò wọ́n mọ́lẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀: ẹja, omi, irọ́, Adéṣọlá. Orin dúró. Àlùfáà ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Tíṣà Alice ní, "Àlùfáà, ẹ dúró ná. Mobọ́lá, ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bóyá ewé yìí ń ṣiṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, Tíṣà. Ẹ dákun, ẹ padà sí ọsíbítù."

Obìnrin náà na ọwọ́ sí àwọn tó gbé e wá. Ó ní kí wọ́n gbé òun jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Mobọ́lá wọ takisí lọ sí Òmù. Ó bá Adéṣọlá lẹ́yìnkùlé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mobọ́lá kúnlẹ̀.

Adéṣọlá ní, "Ẹ dìde, Àǹtí. Àbúrò yín ni mí."

"Dárí jì mí."

"Mi ò tíì lè dárí jì yín. Ẹ ní oorun ni mò ń sùn. Lẹ́yìn tí wọ́n lé mi, mo sùn lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mi ò fẹ́ dìde lórí ibùsùn." Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó bu omi fọwọ́. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìdó. Ẹ óò sọ ọ́ lójú Dókítà àti lójú gbogbo àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi náà óò wà níbẹ̀."

"Yóò lé wa jáde."

"Ó ti lé mi rí."

Mobọ́lá gbọn yẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù. "Tó bá ní irọ́ ni mò ń pa ńkọ́?"

Adéṣọlá ti ń wọ bàtà. Ó ní, "Ẹ óò tún un sọ."