Ọmọ Mi Ló Pè Mí Lálejò

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ju ohun tí mo lè dá rò lọ. Tí mo bá ń kọjá ládùúgbò wa ní Ẹdẹ, àwọn èèyàn ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi. Mo ń dá wọn lóhùn, mo ń rẹ́rìn-ín, wọn kò mọ̀ pé inú mi ti kú. Ọ̀tá kọ́ ló pa á. Ọmọ tí mo fún lọ́mú ni.

Ọmọ ìlú Ara ni mí, ọkọ ló gbé mi wá sí Ẹdẹ. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìdàgbàsókè àdúgbò àti abúlé. Ọ̀kadà ló ń gbé mi lọ sí Alajue àti àwọn abúlé tó yí i ká. Mo bá àwọn obìnrin pọn omi, mo bá wọn bẹ ẹ̀gẹ́, kí wọ́n tó gbà pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí mo ń sọ kò ní pa ọmọ wọn. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo rò pé màá sinmi, àfi bí ará àdúgbò ṣe ní kí n wá ṣe alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, èmi obìnrin láàárín àwọn onílàwàní. Ọkọ mi ló ní kí n gbà. Láìpẹ́ sígbà náà ni aboyún kan kú lẹ́yìn ọ̀kadà tó ń sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Èmi ni mo fi aṣọ bò ó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ilé ìgbẹ̀bí fún àdúgbò wa. Mo tọrọ ilẹ̀, mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba títí àwọn ará ibẹ̀ fi ń sá fún mi, ilé náà sì dé òrùlé.

Àsìkò náà ni Gàníyù, àkọ́bí mi, ti Èkó dé. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ń tì í láti jáde. Mo fà á lọ́wọ́ wọ ìpàdé, mo ní kí wọ́n fi í ṣe akọ̀wé. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ àti bí a ṣe ń bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, inú mi sì ń dùn.

Ikú wá mú ọkọ mi lọ, mo wọ tákàbà. Opó tó wà nínú tákàbà kì í jáde, Gàníyù ló ń bá mi darí ìpàdé. Tó bá dé, á dọ̀bálẹ̀, á ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ń bá mi tọ́jú àga mi.

Nígbà tí mo jáde tákàbà, mo lọ sípàdé. Orí àga mi ló jókòó sí. Àgbà kan ní kó dìde fún ìyá rẹ̀. Ó dìde lóòótọ́, ó kọjú sí àwọn èèyàn.

Ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àlejò ni Màámi, ọmọ Ara ni wọ́n. Ọkọ tó mú wọn wá síbí ti kú. Ọmọ onílẹ̀ ló yẹ kó máa darí ilẹ̀.”

Mo wo àwọn obìnrin tí mo ti bá jìyà. Wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn, àwọn ọkùnrin yòókù sì gbè é. Gàníyù nawọ́, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbẹ̀bí wá. Mo tú u kúrò létí ìró mi níṣojú gbogbo wọn.

Mo kó aṣọ mi, ó di Ara. Àbúrò mi ọkùnrin gbà mí tayọ̀tayọ̀, ìyàwó rẹ̀ gúnyán fún mi. Nígbà tó ṣe, àbúrò mi rọra bi mí pé ìgbà wo ni mò ń padà sílé mi. Kò fi ibi sọ ọ́. Ọmọbìnrin tó ti lọ ilé ọkọ, ṣé ó tún nílé míì ni? Mo dà bí àdán, n kò ṣeku, n kò ṣẹyẹ. Mo padà sí Ẹdẹ.

Wọ́n ṣí ilé ìgbẹ̀bí, wọn kò pè mí. Mo lọ, mo jókòó láàárín àwọn aboyún. Ẹni tó ṣojú ìjọba bèèrè ta ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ojú èmi àti Gàníyù ṣe mẹ́rin. Ó ní bàbá òun tó ti dolóògbé ni. Gbogbo èèyàn ń ṣàdúà fún òkú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde níbẹ̀ pé irọ́ ni, kí n sì máa bá ọkọ mi tó wà ní sàréè du iyì?

Ní báyìí, Gàníyù fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò ní àwọn ò ní dìbò fún un àfi tí èmi bá fẹnu ara mi sọ pé kí àwọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ló bá wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo rò pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì ni. Ó ní kí n bá òun bá àwọn obìnrin mi sọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá ó rántí ohun tó sọ nípàdé.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìṣèlú nìyẹn, Màámi. Ẹ má fi sínú.”

Àwọn obìnrin náà ń retí mi. Bí mo bá ní kí wọ́n má dìbò fún un, ayé á ní mo fẹnu ara mi ba ọmọ mi jẹ́. Bí mo bá sì ní kí wọ́n yàn án, ẹni tó ṣe ìyá tó bí i báyìí, kí ni yóò fi ojú àwọn tí kò bí i rí? Àwọn àgbà ní a kì í tìtorí pé ọmọ ẹni burú ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọmọ ẹni gan-an ló di ẹkùn ńkọ́, ṣé a ó wá fa ọmọ ọlọ́mọ lé e lọ́wọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn.