Pákó Ìkúnlẹ̀

Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n etí mi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gidi bọ́ nù. Èyí ni mo gbọ́ lẹ́nu káfíńtà kan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ìmàle, ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ l'Ẹnu Ọ̀wá.

“O tún ń bá ìjọ rẹ tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe láìgba tọ́rọ́? Àwọn tí kò jẹ́ kí o gba Ìdàpọ̀ Mímọ́ nítorí pé o fẹ́ ìyàwó méjì?”

“Òfin ìjọ ni.”

“Máa bọ̀ ní mọ́sáláṣí wa, jàre. Méjì ò tó nǹkan níbẹ̀.”

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. “Pákó tí wọ́n ń kúnlẹ̀ lé gba Ìdàpọ̀ níwájú pẹpẹ ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n fá. Orúnkún ń dun ìyàwó mi àgbà.”

“Ìwọ ńkọ́? O ò ní kúnlẹ̀ níbẹ̀ láéláé.”

“Mo ti kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fági gbọ́dọ̀ dán an wò bóyá ó jọ̀lọ̀.”

“Ṣé ó ti wá jọ̀lọ̀?”

“Ó ti jọ̀lọ̀ tipẹ́. Mo ṣì ń dán an wò.”

Mo ti sọ̀rọ̀ l'Ékòó tí lọ́yà patẹ́wọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ìyẹn, ì bá wù mí kó jẹ́ ẹnu mi ló ti jáde.