Èbù Iṣu Tí Mo Jẹ Nígbà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Bá Ikọ́ Jà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sínú. Ìyìn tí wọ́n yìn mí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mọ́.

Àgbẹ̀ ni mí ní Odòmẹ́ta. Ìwé mi ò pọ̀. Ikọ́ ife mú Ìdòwú ẹ̀gbọ́n mi, ó ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì dá a dúró sí ọsibítù. Kó tó lọ, ó fi èbù iṣu rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ṣọ́ ọ fún mi. Bí òjò bá ti rọ̀, mo ń bọ̀ wá gbìn ín.”

Mo lọ wò ó. Bí wọ́n bá bi í pé báwo lara, ohun tí ìjọba wa, tó sọ gbogbo wa di kàmáráàdì, ní ká máa fi kí ara wa ló fi ń dáhùn: “Ìjàkadì ń bá a lọ!” Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ dé, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un pé, “Kàmáráàdì, ẹ wá ibi tí ẹran kù sí, ikọ́ ti jẹ ìyókù.” Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Egungun àyà rẹ̀ ni mò ń kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Nínú ọkàn mi, mo ti sin ín.

Mo délé, ebi ń pa mí, àgbàdo ti tán. Mo ní ta ni yóò tún gbin èbù yìí? Mo sè é, mo gún un níyán. Mo pe ọ̀rẹ́ mi méjì sí i. Kí òjò tó rọ̀, kò ku ẹyọ kan.

Òjò rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀kadà gbé ẹ̀gbọ́n mi dé, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá iṣu.

“Àbúrò, èbù mi dà?”

Mo ní ikán ti jẹ ẹ́.

Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ikán yìí mà yára o! Mo rò pé àyà mi ni wọ́n ń jẹ, àṣé wọ́n ti dé abà!”

Ó tọrọ igi ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ará àdúgbò. Bí èémí rẹ̀ bá ń gé, á jókòó sílẹ̀, á máa gbìn ín lórí ìjókòó. Kò fi oògùn rẹ̀ ṣeré lọ́jọ́ kan. Lónìí, oko rẹ̀ ju tèmi lọ. Orí mi ń wú pé ọmọ ìyá mi ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nípàdé abúlé, wọ́n ní kó sọ bó ṣe borí. Ó ní, “Oògùn ṣe tiẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún ikọ́ pé mi ò ráyè kú, èbù mi ń dúró dè mí nílé. Àbúrò mi yìí ló bá mi ṣọ́ ọ kí ikán tó dé. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ń wo ilẹ̀.

Ó tún fún mi ní ogún èbù ńlá. Wọ́n wà nínú yàrá mi, òjò sì ti ń ṣú. Bí mo bá gbìn wọ́n láìjẹ́wọ́, mo tún jẹ tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ìbínú rẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò fẹ́ pa, ẹ̀rín tí ikọ́ ò rí pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé létí ebè rẹ̀ ni kí n ti kúnlẹ̀ sọ ọ́, àbí níwájú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún mi?