Atẹ́gùn Ẹ̀yìn Ògiri

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé dróònù yín jáde. Mo mọ̀ pé ojú ọjọ́ dára. Mo ti wo èéfín ilé búrẹ́dì kí n tó wọlé, ó ń lọ sókè tààrà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún oṣù mẹ́jọ, bí mi ò bá sì sọ ọ́ lónìí, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́ láé. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ní tèmi, ó ti pẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́, èmi ni mo ń fọwọ́ bo adìyẹ mọ́lẹ̀. Mo bẹ Bàbá Káfíńtà kí wọ́n wá jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn obìnrin tó gbé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, nítorí àwọn lọ̀rọ̀ náà kàn jù. Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ wá. Mo rí i pé ọwọ́ yín wà lápò. Mo mọ ìdí rẹ̀. Èmi ni ìdí rẹ̀.

Olófìn-íntótó lẹ ń pè mí, orúkọ náà sì ro mí. Aago ni mo ń tún ṣe, ẹ sì mọ̀ pé aago tí kò bàjẹ́ pàápàá, bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì mi, màá tú u wò. Ìyàwó mi ní bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, kí n tó wọlé, màá kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ṣe ìlẹ̀kùn. Ojúmìító yìí náà lẹ rí tí ẹ fi gbé ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn lé mi lọ́wọ́. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, èmi ni mo ń gun àkàbà lọ sórí òrùlé ṣẹ́ẹ̀dì yìí, tí mo ń na ẹ̀rọ náà sókè, tí mo ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé ẹgbẹ́, tí mo wá ń so aṣọ mọ́ òpó kúkúrú ẹnu ọ̀nà. Aṣọ aláwọ̀ ewé, ẹ fò. Aṣọ pupa, ẹ jókòó. Bí atẹ́gùn bá ti ju kìlómítà márùndínlọ́gbọ̀n lọ ní wákàtí kan, aṣọ pupa ni. Èmi gan-an ni mo dábàá òfin yẹn.

Àmọ́ òfin náà ò jẹ́ kí n gbádùn. Irú dróònù kékeré kan náà ni èmi àti Bàbá ní, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀; ara páálí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè gba atẹ́gùn tó ju ti òfin wa lọ. Mo wá ń bi ara mi pé ta ni ká gbà gbọ́? Bí atẹ́gùn bá lágbára ju dróònù lọ, ṣé ó máa já bọ́ lójú ẹsẹ̀ ni? Àbí ó máa dúró? Àbí ó máa fẹ̀yìn rìn? Mo ń jẹun, mo ń rò ó. Mo ń wẹ̀, mo ń rò ó. Dróònù tèmi wà nílé, mi ò kàn fẹ́ kó bàjẹ́ ni. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìwà burúkú mi ti bẹ̀rẹ̀: mo fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ tèmi ni màá fi mọ̀ ọ́n.

Ní Sátidé ọjọ́ náà, mo gun òrùlé, ẹ̀rọ ka méjìdínlógójì. Mo wo ọ̀nà ilé búrẹ́dì, èéfín ti dùbúlẹ̀ gbalaja lórí òrùlé wọn. Aṣọ pupa ló yẹ kí n so láìjanpata. Ńṣe ni mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ sẹ́yìn ògiri pápá yìí, níbi tí àbẹ́là pàápàá kò ní kú, mo na ẹ̀rọ náà níbẹ̀. Ó ka mẹ́rìnlá. Ẹ wo bí mo ṣe tan ara mi jẹ: mo ní ẹ̀rọ ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Èmi tí mo kọ́ gbogbo yín pé ògiri àti igi ló ń dá atẹ́gùn ìsàlẹ̀ dúró, pé tí ẹ bá ti kọjá òrùlé, kò sẹ́ni tó ń mú un mọ́. Mo kọ mẹ́rìnlá sínú ìwé. Mo so aṣọ aláwọ̀ ewé. Mo ní bátìrì tèmi ti kú, kó má baà di pé ẹ ní kí èmi náà fò. Kò kú. Ó wà nínú báàgì mi, ó kún dẹ́nu. Awakọ̀ wa, Má-Sáré, nìkan ló gbójú sókè. Ó ní, "Olófìn, èéfín yẹn mà ti sùn." Mo dá a lóhùn pé, "Ṣé èéfín lo fẹ́ gbà gbọ́ ni, àbí ẹ̀rọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi awakọ̀, kí ni mo mọ̀?" Má-Sáré, o mọ̀ jù mí lọ.

Bàbá wá béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè: "Olófìn, ṣé mo lè lọ wo òrùlé mi?" Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ilé Bàbá wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kan òrùlé rẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn, ìyàwó wọn dúró nísàlẹ̀, ó ń na ìṣó sí wọn. Látìgbà tí ìyá ti kú, ohun tí Bàbá ń fi dróònù ṣe nìyẹn. Apá ibẹ̀ sì ni atẹ́gùn ń fẹ́ lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá bá atẹ́gùn lọ, ìgbà àbọ̀ ni yóò gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń kọjú sí atẹ́gùn lákọ̀ọ́kọ́, kó lè tì wá délé nígbà tí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀. Mo mọ gbogbo èyí. Mo ní, "Ẹ máa lọ, Bàbá. Ojú ọjọ́ dára."

Dróònù lọ fìà. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó mà yára lónìí o!" Wọ́n rí òrùlé wọn, wọ́n tilẹ̀ fi páànù kan hàn wá lójú fóònù wọn, èyí tí ìyá ní wọ́n kàn wọ́. Ìgbà tí wọ́n yí i padà ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ó dúró sójú kan lókè ilé búrẹ́dì, ó tẹ imú sílẹ̀, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ké, kò lọ, kò bọ̀. Ẹ̀yin ń pariwo. Èmi ń wo aago ọwọ́ mi, mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá, inú mi sì ń dùn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ inú mi dùn, torí mo ti mọ̀ pé kì í já bọ́ lójú ẹsẹ̀. Gbólóhùn kan ì bá gbà á là: "Bàbá, ẹ fà á wálẹ̀, atẹ́gùn kò pọ̀ nísàlẹ̀." Mi ò sọ ọ́. Mo fẹ́ rí òpin rẹ̀. Nígbà tí mo ka àádọ́fà, bátìrì tán, ó já bọ́ sójú títì, ó gé obìnrin kan tó ń ti ilé búrẹ́dì bọ̀ léjìká. Wọ́n rán ọgbẹ́ náà lójú mẹ́ta nílé ìwòsàn. Alága ṣí ìwé ẹgbẹ́, ó rí mẹ́rìnlá. Ó ní, "Atẹ́gùn kọ́ nìyí. Bàbá, ó jọ pé ọwọ́ ti ń darúgbó." Mo ń wo bàtà mi.

Ṣé ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Èyí tó burú jù ló kù. Ní ọjọ́ Túsìdeè, Bàbá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí gíláàsì lábẹ́ iná mi. Wọ́n ní, "Olófìn, ìwọ lo ń rí ohun kékeré. Má wo ti ọjọ́ orí mi. Ṣé wọ́n ń gbọ̀n?" Mo fi awò tí mo fi ń wo inú aago sójú. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo rí àpá ayùn lára àtàǹpàkò. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n. Ó dúró jẹ́ẹ́ ju tábìlì lọ. Àmọ́ mo rò ó pé bí kì í bá ṣe ọwọ́, ìbéèrè tó kàn ni ti atẹ́gùn. Mo yọ awò lójú. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ń gbọ̀n díẹ̀." Ẹyin lohùn. Bàbá wo ọwọ́ wọn bí ẹni tó ń wo àlejò. Wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ẹlòmíì ì bá tàn mí." Wọ́n kì wọ́n bọ àpò, wọ́n lọ.

Mo ti parọ́ fún èèyàn rí, àmọ́ wọn kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá ń kan ibùsùn fún ọmọ tí ọmọ wọn máa bí nígbà náà. Ó ku ẹ̀gbẹ́ kan. Wọn ò kàn án mọ́, wọ́n kó ayùn àti ìfági fún aládùúgbò. Ní Wẹ́sìdeè tó kọjá, ọmọ wọn gbé aago Bàbá wá kí n pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Ó ní, "Dókítà yẹ ọwọ́ bàbá mi wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò sí nǹkan kan. Síbẹ̀ èmi ni mò ń bá wọn de bọ́tìnnì. Ọmọ mi ń nawọ́ sí wọn, wọn ò gbé e rí látọjọ́ tí mo ti bí i. Wọ́n ní àwọn lè jù ú sílẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan tó mọ ohun kékeré wò ti sọ fún àwọn." Kò mọ̀ pé èmi lẹni náà. Mi ò lè ṣí aago náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mi ò fẹ́ mọ ohun tó wà nínú nǹkan.

Ìwé kékeré tèmi rèé, Alága. Ẹ wo ọjọ́ náà: méjìdínlógójì. Mo purọ́ fún gbogbo yín, síbẹ̀ mi ò lè ṣe kí n má kọ nọ́ńbà tòótọ́ síbì kan. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ ìwọn-atẹ́gùn yín náà rèé, Má-Sáré ni kí ẹ gbé e fún, ẹni tó ń wo èéfín. Mo ti lọ bẹ obìnrin tí dróònù gé léjìká náà lánàá. Ó gbọ́ mi tán, ó ní kí n máa lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, ẹ máa fẹ́ mọ̀ o, mi ò ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun ìní tiyín ni kí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n.

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí lónìí, ó yẹ mí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi, torí mo fi awò wò ó, mo sì rí i: ọwọ́ yín kò gbọ̀n. Kò gbọ̀n nígbà náà, kò gbọ̀n rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wọ́n lápò. Ọmọ yẹn ti ń nawọ́ sí yín látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀.