Ìwé Tí Mo Tẹ́ Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Áyọ́ọ̀nù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, torí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun fún ọdún méjì, tí mi ò bá pọ̀ ọ́ lónìí, á pa mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé ìfọṣọ wa, ẹ mọ Àǹtí Gbóná. Àwa méjèèjì la jọ ni í, àwa méjèèjì la jọ fọwọ́ sí gbèsè ẹ̀rọ ńlá yẹn. Èmi ni mò ń gbọ́ ti ìwé, àwọn ni wọ́n ń lọ aṣọ. Tí ìwé bá dé, wọn kì í gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Èmi á tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, wọ́n á fọwọ́ òsì kọ orúkọ wọn wọ́gọwọ̀gọ, wọ́n á ní, "Ìwọ lojú mi, àbúrò."

Nígbà tí oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, mo ní ká pa ṣọ́ọ̀bù tì, ká ta ẹ̀rọ, ká jọ ru gbèsè tó bá kù. Àǹtí ní, "Pa kí ni tì? Ṣé aṣọ ò ní dọ̀tí mọ́ láyé ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi ti jáde nínú òwò náà. Mo lọ bá ayánilówó wa. Ó ní, "Tí ẹnì kejì ẹ bá gbà láti dá gbogbo ẹ̀ rù, kó fọwọ́ sí ìwé yìí, ìwọ á bọ́." Ká ní mo bẹ Àǹtí ni, bóyá wọ́n á gbà. Mi ò bẹ̀ wọ́n. Ojo ni mí, olè ni mí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì kún ilẹ̀, òógùn ń kán tótó lójú Àǹtí. Mo tẹ́ ìwé náà. Wọ́n ní, "Kí nìyẹn?" Mo ní, "Ti ọṣẹ ni." Ti ọṣẹ! Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n tún ní kí n lọ jẹun, pé ó hàn lójú mi pé ó ti rẹ̀ mí.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ṣọ́ọ̀bù kú. Ayánilówó kó ẹ̀rọ, kò tó, ó kó bẹ́ẹ̀dì Àǹtí àti fìríìjì wọn. Àwọn ló tún pè mí, wọ́n ń tù mí nínú: "Má sunkún, àbúrò. Kí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìwọ?" Mo ní wọn ò fi nǹkan kan sílẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo jókòó sí tí mo fi sọ ọ́.

Lánàá, Àǹtí tún pè mí. Wọ́n ti rí yàrá kékeré kan tá a lè máa fọṣọ sí. "Wá, ká jọ ṣe é. Ìwọ gbọ́ ti ìwé, èmi ò ní wò ó."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde nínú òwò, ẹ gba ẹnu ọ̀nà, ẹ má gba ẹ̀yìn ẹnì kejì yín. Àǹtí Gbóná, ẹ foríjì mí. Gbèsè tó ṣẹ́ kù, èmi ni mo máa san án. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ ná. Ẹ fojú ara yín ka ohun tí mo kọ yìí.